Raji: kókó ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọdún 11, àti àpò tíntín tí wọ́n pè ní eruku



Orúkọ kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Bí ẹ bá ṣí ìwé ìpè ọmọ ilé ìwé láti Ko-Koumolou títí dé Sakété, ó ṣòro kí ẹ má bá Radji kan níbẹ̀. Àwa tí Faransé kọ́ níwèé la fi "d" sí i. Tí ẹ bá ti kọjá Igolo, tí ẹ dé Ìdí-Ìrókò, Raji ni wọ́n ń kọ. Orúkọ kan náà ni, orúkọ àwọn ẹbí wa tó jẹ́ Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọ ilé ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ní Paris, ní Tokyo tàbí ní Chicago, tí ẹ dárúkọ Raji, kò sẹ́ni tó máa béèrè pé ọmọ ta ni. Wọ́n á lọ sí ìdí ẹ̀rọ amóhun-tutù, wọ́n á mú ìgò kékeré kan jáde. Sẹ́ẹ̀lì ló wà nínú rẹ̀. Ara ọmọkùnrin Nàìjíríà kan, ọmọ ọdún 11, ni wọ́n ti mú un ní ọdún 1963, sẹ́ẹ̀lì náà ò sì tíì kú títí di òní.

Ìtàn sẹ́ẹ̀lì yẹn ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Mo tún fẹ́ sọ ọ́ nítorí pé nínú ìtàn jẹjẹrẹ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ọ̀mọ̀wé wo nǹkan dáadáa, tí wọ́n ní kò sí ohunkóhun níbẹ̀, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Kampala ní Uganda, torí ibẹ̀ ni àrùn ọmọ náà ti gba orúkọ. Ní 1957, wọ́n pe Denis Burkitt, dókítà oníṣẹ́-abẹ tó jẹ́ ọmọ Ireland, pé kó wá wo ọmọkùnrin ọmọ ọdún 5 kan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà wú lọ́tùn-ún lósì, lókè nísàlẹ̀. Burkitt ò rí irú rẹ̀ rí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó tún bá a pàdé lára ọmọ mìíràn ní ìlú Jinja. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Ó tú àwọn ìwé ilé ìwòsàn wò, ó rí i pé àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀, ó kàn jẹ́ pé orúkọ tó wu dókítà kọ̀ọ̀kan ló fi ń pe àrùn náà ni. Ní 1958 ó kọ ìwé àkọ́kọ́ lórí rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìṣe ọkùnrin yìí ni pé kò ní ẹ̀rọ ńlá kankan. Àwòrán ló fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwòsàn káàkiri Áfíríkà, ó ní: ṣé ẹ ti rí irú èyí rí? Ní 1961, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wọ mọ́tò Ford àlòkù kan, wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ 10 rin nǹkan bíi kìlómítà 16,000, láti Uganda lọ sí ìhà gúúsù Áfíríkà, láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn. Nígbà tó fi àmì sí orí máàpù, ó hàn pé ibi tí ilẹ̀ ti gbóná tí òjò sì ń rọ̀ dáadáa ni àrùn náà ń gbé. Àwọn òkè tó tutù ò ní in, ilẹ̀ gbígbẹ ò ní in. Nàìjíríà àti Gánà wà nínú àmùrè yẹn. Àwa náà wà nínú rẹ̀. Ẹ sáà wo ilẹ̀ wa láti Àjàṣẹ́ lọ sí Pobè: ọ̀pẹ, òjò, ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn o, torí àwọn onímọ̀ wá rí i nígbà tó yá pé ibà tó ń mú ọmọdé léraléra lọ́wọ́ nínú àrùn yìí.

Ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ńlá UCH ṣí ilẹ̀kùn ní 1957, ọdún kan náà tí Burkitt rí ọmọ yẹn. Ní 1960 wọ́n dá ìwé àkọsílẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n lè máa ka iye ènìyàn tí jẹjẹrẹ mú nínú ìlú àti irú èyí tó mú wọn. Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ yẹn. Ẹni tí ò bá kà, kò ní mọ ohun tó ń pa ará ilé rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Edington àti Maclean ṣírò rẹ̀ fún kókó Burkitt, wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde ní 1964. Nínú gbogbo jẹjẹrẹ tó ń mú ọmọdé ní Ìbàdàn nígbà náà, òun ló wọ́pọ̀ jù. Nítorí náà àrùn yìí kì í ṣe ti Uganda nìkan. Ti ilé wa ni.

Ọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn láàárín àkókò náà tó ń jẹ́ Robert Pulvertaft, onímọ̀ àrùn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Westminster ní London. Ohun tó ń wá ni bí a ṣe lè rí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nígbà tó ṣì wà láàyè, kó máà jẹ́ òkú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti re láró nìkan ni a ó máa wò. Ó ń gba ẹyọ kókó tí wọ́n bá gé lára aláìsàn, ó ń tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò pẹ̀lú omi oúnjẹ, níbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn. Púpọ̀ nínú irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ń kú. Àwọn tí ò tètè kú á pín díẹ̀, wọ́n á sì dúró. Ṣùgbọ́n èyí tó wá láti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè, lápá òsì, ti ọmọ ọdún 11 yẹn, kò dúró. Ó ń pín, ó tún ń pín. Raji ni wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀. Ó wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ènìyàn àkọ́kọ́ pátápátá tó gbà láti máa gbé inú ìgò títí láé. Pulvertaft tún rí òmíràn láti ara ọmọ Nàìjíríà ọlọ́dún 7 kan, èyí tí wọ́n ń pè ní Jijoye. Lójú tèmi, orúkọ yìí náà dún bíi ti ilé wa.

(Ní kíláàsì, nígbà tí mo bá sọ "cellule" ní Faransé, àwọn ọmọ máa ń rẹ́rìn-ín, torí yàrá ẹ̀wọ̀n ni wọ́n kọ́kọ́ ń rò. Wọn ò jẹ̀bi. Yàrá kékeré ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́, ẹni tó kọ́kọ́ rí sẹ́ẹ̀lì rò pé ó jọ yàrá.)

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan kan. Ní March 1961 Burkitt sọ̀rọ̀ ní ilé ìwòsàn Middlesex ní London. Ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ kan, Anthony Epstein, jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́. Bó ṣe gbọ́ pé àrùn náà ń tẹ̀lé òjò àti oru, ó ní fáírọ́ọ̀sì ló máa wà nídìí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé ẹyọ kókó ránṣẹ́ sí i láti Kampala. Ọdún méjì kọjá, kò rí nǹkan kan. Ní oṣù December 1963, kùrukùru bo London, ọkọ̀ òfuurufú yà sí Manchester, ẹrù náà pẹ́ lọ́nà. Nígbà tó fi dé, omi inú ìgò ti di jìdìjìdì. Ẹlòmíràn á ti dà á nù pé ó ti bàjẹ́. Epstein wò ó, ó rí i pé sẹ́ẹ̀lì alààyè ló ń léfòó nínú rẹ̀. Àwọn yẹn ló gbà láti dàgbà nínú ìgò, inú wọn náà ni òun, Bert Achong tó jẹ́ ọmọ Trinidad, àti Yvonne Barr tó jẹ́ ọmọ Ireland ti rí fáírọ́ọ̀sì náà ní 1964. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Epstein-Barr, EBV ní gígé kúrú. Òun ni fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí wọ́n mọ̀ pé ó lọ́wọ́ nínú jẹjẹrẹ ènìyàn. Achong ò sí nínú orúkọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe rí.

Ó yẹ kí Raji náà ní EBV, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Àrùn kan náà ni. Ní 1966, Epstein fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àwọn Achong àti Barr, àti tọkọtaya Henle tó wà ní Philadelphia, jókòó ti Raji. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Wọn ò rí fáírọ́ọ̀sì kankan. Raji wá di àpẹẹrẹ kókó Burkitt "aláìní fáírọ́ọ̀sì". Àwọn tí ò gba ọ̀rọ̀ Epstein gbọ́ rí ohun tí wọ́n lè dì mú: bí Raji bá lè jẹ́ jẹjẹrẹ láìsí EBV, a jẹ́ pé EBV kàn ń bá a rìn ni, òun kọ́ ló fà á.

Ọkùnrin Jámánì kan, Harald zur Hausen, tó ti bá àwọn Henle ṣiṣẹ́ kó tó padà sílé, ò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, fáírọ́ọ̀sì lè wà nínú ilé láìfi ara hàn. Tí kò bá sí ara rẹ̀, ìwé àṣẹ rẹ̀, ìyẹn DNA, lè wà níbẹ̀. DNA dà bí obì aláwẹ́ méjì: awẹ́ kan kì í bá awẹ́ obì mìíràn mu, àfi èkejì tirẹ̀. Zur Hausen mú awẹ́ DNA ti EBV, ó fi wá èkejì rẹ̀ nínú DNA Raji. Ó bá a mu. Ní 1970 ló tẹ̀ ẹ́ jáde: inú Raji tí wọ́n ní ó ṣófo kún fún DNA EBV. Àwọn mìíràn kà á lẹ́yìn náà, ẹ̀dà bíi 50 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Ní Stockholm, Tomas Lindahl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá fi hàn ní àárín ọdún 1970 sí 1979 pé DNA náà ká bí òrùka, ó jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ DNA ọmọ náà, ó ń pín bí sẹ́ẹ̀lì bá ṣe ń pín. Raji náà ni wọ́n lò. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel nígbà tó yá, lórí iṣẹ́ mìíràn: zur Hausen ní 2008 fún fáírọ́ọ̀sì tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, Lindahl ní 2015. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí zur Hausen fi wá ti ẹnu ilé ọmọ yẹn, lórí sẹ́ẹ̀lì ọmọ Nàìjíríà ló ti kọ́kọ́ fi í jẹ orúkọ.

Ìbéèrè kan wá kù. Bí fáírọ́ọ̀sì bá jókòó jẹ́ẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, tí kò jáde, tí a ò rí i níta, báwo ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká ṣe ń yí ìwà padà? Kí ló dé tí àwọn ọmọ ogun ara fi ń kọjá lára jẹjẹrẹ bí ẹni pé ará ilé ni? Ìdáhùn sí èyí, apá kan rẹ̀ ti ń léfòó nínú ẹ̀jẹ̀ tipẹ́. Eruku ni wọ́n pè é.

Mi ò fi ọ̀rọ̀ dárà o. Ní 1967, onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ kan ní England, Peter Wolf, rí àwọn ohun tíntín kan nínú omi ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń jáde láti ara àwọn ẹ̀yà tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. "Eruku" ni orúkọ tó fún un. Wolf mọ̀ pé ó ń bá ẹ̀jẹ̀ dídì ṣiṣẹ́, àmọ́ orúkọ tí èèyàn bá fún nǹkan ló máa ń wọlé sí etí àwọn ará ìta. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Rose Johnstone dé, obìnrin tí wọ́n bí ní Poland tó dàgbà sí Canada, tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì McGill ní Montreal. Ẹ̀jẹ̀ àgùntàn ló ń wò. Ó fẹ́ mọ bí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ṣe ń di àgbà, tó ń da ohun tí kò nílò mọ́ nù. Ní 1983 òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, àti ẹgbẹ́ mìíràn ní Amẹ́ríkà lọ́tọ̀, rí i pé sẹ́ẹ̀lì náà kì í kàn ju ìdọ̀tí síta lásán. Ó ń di ẹrù sínú àpò tíntín, ó kó àwọn àpò náà sínú àpò ńlá kan, ó sì ń da gbogbo rẹ̀ síta. Ní 1987 Johnstone pe àpò náà ní exosome. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á, wọ́n ní: ó dáa, àkìtàn sẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá.

Kí ẹ lè mọ bó ṣe kéré tó: àpò tó pọ̀ jù nínú wọn ò ju 30 sí 150 nánómítà lọ. Ẹ fà irun orí kan tu. Ẹ máa nílò bí àpò 800 ní ìlà kan kí ó tó gba ìbú irun yẹn tán. Ìgò ẹ̀jẹ̀ kékeré tí nọ́ọ̀sì gbà lápá yín, iye tó wà nínú rẹ̀ kọjá bílíọ̀nù.

Ìgbà tó di 1996, Graça Raposo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Utrecht, ní Nẹ́dálándì, wò wọ́n lọ́tun. Sẹ́ẹ̀lì wo ni wọ́n lò? Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ènìyàn tí EBV ti sọ di aláìkú. Mo dúró nígbà tí mo ka ibẹ̀, torí fáírọ́ọ̀sì kókó ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa ni. Wọ́n rí i pé àpò tí sẹ́ẹ̀lì náà ń tì jáde gbé àmì sára, àmì irú èyí tí àwọn ọmọ ogun ara máa ń kà kí wọ́n tó dìde, àwọn ọmọ ogun náà sì dìde ní tòótọ́. Àkìtàn ti di lẹ́tà. Lẹ́yìn ọdún méjì, ní Faransé, Laurence Zitvogel àti àwọn ará Institut Curie lo àpò láti ara sẹ́ẹ̀lì olùṣọ́ láti ta àwọn ọmọ ogun ara eku jí, kókó inú ara àwọn eku náà sì súnkì. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Wọ́n rò pé oògùn dé.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ lẹ́tà kì í ṣe ẹni rere nìkan. Ní 2007, wọ́n rí i ní Göteborg, ní Sweden, pé inú àpò náà ní RNA, ìyẹn àṣẹ tí sẹ́ẹ̀lì mìíràn lè gbà kó sì mú ṣẹ. Ní 2010, Michiel Pegtel ní Amsterdam fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì tí EBV wọ̀ ń di àṣẹ kéékèèké tó jẹ́ ti fáírọ́ọ̀sì náà sínú àpò, wọ́n ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ò dé rárá, wọ́n sì ń pa ẹnu àwọn jíìnì kan mọ́ níbẹ̀. Ní ọdún kan náà, ní North Carolina, David Meckes àti Nancy Raab-Traub rí i pé ohun tí fáírọ́ọ̀sì náà fi ń sọ sẹ́ẹ̀lì di jẹjẹrẹ, LMP1, ń bá àpò rìn lọ sí ara sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Fáírọ́ọ̀sì tí kò jáde nílé ti ń rán ìránṣẹ́.

Àwa tó ń gbé ẹnu ààlà yìí ò nílò àlàyé púpọ̀ lórí bó ṣe ń ṣe é. Ẹ ti rí bí epo kpayo ṣe ń wọlé. Kì í ṣe ọkọ̀ ńlá ló ń gbé e gba ojú dùwánì. Jẹ́ríkáànì kéékèèké ni, lórí ọ̀kadà, láti ọ̀nà igbó, lọ́wọ́ ọmọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Àpò jẹjẹrẹ náà rí bẹ́ẹ̀. Awọ sẹ́ẹ̀lì ara wa ni wọ́n fi rán an, àmì ilé wa ló wà lára rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ wò ó, ó ní ọmọ ilé ni, ó kọjá.

Kì í ṣe kókó Burkitt nìkan o. Ní 1889, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, Stephen Paget, kó ìwé obìnrin 735 tí jẹjẹrẹ ọmú pa jọ, ó rí i pé ibi tí àrùn náà ń lọ lẹ́yìn ọmú kì í ṣe ibi kíbi. Ó ní irúgbìn ni jẹjẹrẹ, kò sì ní hù àfi lórí ilẹ̀ tó gbà á. Àgbẹ̀ ìlú wa á ní ìyẹn ò nílò ìwé. Àmọ́ ohun tí Paget ò mọ̀ ni pé irúgbìn yìí ń ránṣẹ́ ṣáájú kí wọ́n lọ ro ilẹ̀ dè é. Ẹgbẹ́ David Lyden ní New York ló fi èyí hàn nínú eku. Ní 2012, wọ́n mú àpò jẹjẹrẹ awọ ara, ó lọ bá àwọn sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn, ó kọ́ wọn ní ìwà tuntun, wọ́n sì di olùrànlọ́wọ́ jẹjẹrẹ. Ní 2015 wọ́n rí i pé àdírẹ́sì wà lára àwọn àpò náà: àwọn kan ní àmì tó ń darí wọn sí ẹ̀dọ̀fóró, àwọn mìíràn sí ẹ̀dọ̀. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n tún ilé ṣe, kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó wá kó wọlé.

Ó tún ní ọ̀nà tó fi ń tan oògùn. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní rituximab, tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun. Àmì kan lára sẹ́ẹ̀lì, CD20, ló ń wá, tó bá rí i á lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn ọmọ ogun ara á sì mọ ẹni tí wọ́n máa pa. Ní 2011 àwọn onímọ̀ ní Göttingen, ní Jámánì, rí i pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà ń ti àpò tíntín jáde tí CD20 kún ara wọn. Oògùn á lẹ̀ mọ́ àpò, á tán sórí àpò, sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ á sì bọ́. Olè tó mọ̀ pé ajá wà nílé, tó ju ẹran sí i lẹ́nu ọ̀nà, kò gbọ́n ju èyí lọ.

Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó ń kọ lẹ́tà púpọ̀ ń fi àmì sílẹ̀. Ní 2008, Johan Skog àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston wá àpò jẹjẹrẹ ọpọlọ nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn 25. Nínú 7 lára wọn, wọ́n rí àmì jẹjẹrẹ náà ketekete, láìla orí ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá ọ̀nà láti fi ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ mọ jẹjẹrẹ kó tó tóbi. Irú rẹ̀ kan ti wà fún jẹjẹrẹ ẹ̀yà ara ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní próstéètì, ìtọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ dókítà abúlé.

Ṣùgbọ́n kókó ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé ò nílò irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kí ìyá tó rí i, ibí yìí ni mo sì fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀. Kókó Burkitt wà lára àwọn jẹjẹrẹ tó ń yára dàgbà jù láyé. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó lè di ìlọ́po méjì. Eyín ọmọ á máa mì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, nígbà mìíràn ojú á yọ síta, tàbí kó jẹ́ ikùn ló máa wú. Ní ìlú wa, eyín ni a kọ́kọ́ máa ń ni lára: wọ́n á ní eyín ló ń dùn ún, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi ewé sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé jẹjẹrẹ tó ń sáré yìí náà ló máa ń tètè gbọ́ oògùn jù. Burkitt rí i bẹ́ẹ̀ ní Uganda. Ní Ìbàdàn, Victor Anomah Ngu, oníṣẹ́-abẹ ọmọ Kamẹrúùnù tó di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀, ń fi oògùn wo àwọn ọmọ tó ní in, àwọn mìíràn sì ń yè. Ní 1972, wọ́n fún Burkitt, Ngu àti àwọn mìíràn ní ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà lórí iṣẹ́ yìí. Oògùn tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀, cyclophosphamide, oògùn àtijọ́ ni, kì í ṣe ti olówó nìkan. Ní ìhà tiwa tó ń sọ Faransé, ẹgbẹ́ GFAOP, tí Jean Lemerle dá sílẹ̀ ní 2000 pẹ̀lú àwọn dókítà Áfíríkà àti ti Faransé, ti ń tọ́jú kókó Burkitt láti Dakar dé Yaoundé. Ọmọ tó bá tètè dé ilé ìwòsàn ńlá ní Kútọnu tàbí ní Ìbàdàn, ọ̀nà wà fún un. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó ń wú lójoojúmọ́ kì í ṣe eyín dídùn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Raji. Bí wọ́n bá fẹ́ dán oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tuntun wò, Raji wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ń nawọ́ sí. Wọ́n á gbìn ín sára eku, wọ́n á sì wò ó bóyá oògùn á pa á. Àwọn ìtọ́jú tuntun tí wọ́n ń pè ní CAR-T, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ogun ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ní ìjà tuntun, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gba orí Raji kọjá kó tó dé ara ènìyàn. Nígbà tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àkọ́kọ́ nínú wọn ní 2017, iye tí wọ́n dá lé e jẹ́ dọ́là 475,000 fún ẹnì kan. Mo ti gbìyànjú láti ṣírò rẹ̀ sí owó CFA fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, ẹ̀rín ni wọ́n bú sí.

Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ní irú ìtàn yìí. Ní 1951, ní Baltimore, wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì lára Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí jẹjẹrẹ ń pa, wọn ò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. HeLa ni wọ́n ń pe sẹ́ẹ̀lì náà. Ẹbí rẹ̀ jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní 2023 ilé iṣẹ́ kan sì bá wọn parí ẹjọ́. Ayé ti mọ ojú Henrietta, wọ́n ti kọ ìwé, wọ́n ti ṣe fíìmù. Ti ọmọ ọdún 11 tiwa, orúkọ ìgò ni ayé mọ̀.

Ní ilé ìfipamọ́ sẹ́ẹ̀lì ATCC ní Amẹ́ríkà, nọ́mbà Raji ni CCL-86. Ilé ìwádìí tó bá sanwó, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí i nínú yìnyín. Ohun tó wà lórí ìwé tó ń bá a rìn kò pọ̀: ọkùnrin, aláwọ̀ dúdú, ọmọ ọdún 11, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkè lápá òsì. Wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á dà á sínú omi oúnjẹ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tó bá fi máa di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ó ti tún ń pín, àpò tíntín rẹ̀ sì ti kún inú omi náà.